ÌYÀWÓ ÒRÌṢÀ ÀTI ỌMỌ ÌJỌ: ÌTÀN ÀWỌN TÍ Ó YÀTỌ̀ NÍNÚ ÌSÌN

Ìbéèrè kan ni ó bí ọ̀rọ̀ wa ti òní. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó nawọ́ nínú kíláàsì mi, ó ní: ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ni ó kó ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin, àti obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin, wá sí ilẹ̀ wa?’ Kí n tó la ẹnu, ẹlòmíràn ti dìde lẹ́yìn. Ó ní irọ́ ni. Ó ní ẹlẹ́gùn Ṣàngó tí ń di irun, tí ń wọ aṣọ obìnrin, òun gan-an ni ẹ̀rí pé Yorùbá ti fi àyè gba irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kíláàsì pín sí méjì, ariwo sì sọ.

Ìdáhùn tí mo fún wọn ní ọjọ́ náà kò tó. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ìtàn sọ kí wọ́n tó bi ìtàn léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ènìyàn ti pàdánù iṣẹ́ lórí rẹ̀, ènìyàn ti sá kúrò ní ìlú lórí rẹ̀, àwọn kan sì ti kú lórí rẹ̀. Nítorí náà, mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun mẹ́ta: ohun tí ìsìn ìbílẹ̀ wa fi hàn ní tòótọ́, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìsìn àti ìjà fún ẹ̀tọ́ ní òkè òkun láàrin àwọn tí ó bá wa tan, àti ohun tí ojú wa ti rí nínú ìjọ àti lórí tẹlifíṣọ̀n ní orílẹ̀-èdè yìí láti bí ogún ọdún sẹ́yìn.

ỌJỌ́ ÒKÈBÀDÀN NÍ ỌJÀ’BA

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró ní iwájú gbọ̀ngàn Mapó, tí a ṣí ní ọdún 1929, tí ó sì wo ìsàlẹ̀, yóò rí ògbólógbòó Ìbàdàn bí ó ti tẹ́ lọ: Bẹẹrẹ nìyí, Ọjà’ba nìyẹn, Bẹyẹrúnkà náà kò sì jìnnà. Agbo ilé tí wọ́n bí mi sí wà láàrin àdúgbò wọ̀nyí. Ìyá mi àgbà ń ta èlùbọ́ ní Ọjà’ba, èmi ni mo sì máa ń bá a ru igbá.

Ọjọ́ kan wà nínú oṣù kẹta ọdún tí igbá kì í dé ọjà. Ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn ni. Ní ọjọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ yóò tú sí ìgboro, wọn yóò máa kọ orin tí ẹnu kò gbọdọ̀ gbé ní ọjọ́ mìíràn, orin nípa ohun tí ó wà lábẹ́ aṣọ tọkùnrin tobìnrin, ti ọlọ́lá àti ti mẹ̀kúnnù. Àgbàlagbà tí wọ́n bá bú kò gbọdọ̀ bínú. Nígbà tí ó bá yá, Abọkè, ẹni tí ń bọ Òkè fún gbogbo ìlú, yóò jáde. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i dáadáa. Ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ dídì ni, bí irun obìnrin, aṣọ obìnrin ni ó sì wà lára rẹ̀. Mo fa ìró ìyá mi àgbà, mo ní, ‘Ìyá, ṣé obìnrin ni bàbá yìí ni?’

Ìyá mi àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Òkè ni ó ni ín lónìí. Bí Òkè bá ti fẹ́ kí ó wọṣọ ni yóò wọ̀ ọ́.’ Ọ̀rọ̀ parí.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìdáhùn tí ó kúnjú ìwọ̀n ju tirẹ̀ lọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé nígbà tí ìlú Ìbàdàn àkọ́kọ́ tú, Lágelú àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá gun òkè, wọ́n fi èso òro àti ìgbín ṣe oúnjẹ, òkè náà sì dáàbò bò wọ́n bí ìyá ti ń dáàbò bo ọmọ. Abo ni Òkè nínú èrò àwọn ará Ìbàdàn, ìyá ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró níwájú rẹ̀ fún gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ gbé àwòrán rẹ̀ wọ̀. Kò sí ará Ìbàdàn kan tí ó rò pé Abọkè ti bọ́ ipò ọkọ tàbí ipò bàbá sílẹ̀ nítorí aṣọ ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó sọ òkò lù ú nítorí pé ó wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn méjèèjì yìí dání, nítorí a óò tún nílò wọn.

ÌYÀWÓ TÍ KÒ PỌN DANDAN KÍ Ó JẸ́ OBÌNRIN

Láti Ọjà’ba, ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Agbẹni. Ibẹ̀ ni Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti wọ ilé Ṣàngó nígbà tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1910. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1913 sọ nípa àwọn òpó gbígbẹ́ tí ó gbé òrùlé ojúbọ náà ró. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́-ọnà ṣì ń tọ́ka sí ilé náà di òní.

Nínú ìsìn Ṣàngó, ẹni tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dóṣù fún, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ìyàwó òrìṣà ni à ń pè é. Ọkùnrin tí ó jẹ́ ẹlẹ́gùn a máa di irun, a máa lé tìróò, a sì máa wọ aṣọ tí ó jọ ti obìnrin nígbà tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ òrìṣà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe ‘gùn’ tí ó wà nínú ‘ẹlẹ́gùn’. A ń gun ẹṣin. Akọ ẹran ń gun abo. Òrìṣà sì ń gun ènìyàn. Èdè wa ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo so nǹkan mẹ́ta pọ̀.

Onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, J. Lorand Matory, ẹni tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ṣe ìwádìí lórí èyí ní Ìgbòho ní àwọn ọdún 1980. Ìwé rẹ̀, Sex and the Empire That Is No More, jáde ní ọdún 1994. Àlàyé rẹ̀ ni pé ipò ìyàwó ni Ọ̀yọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ bí ènìyàn ti ń sin ọba àti bí ó ti ń sin òrìṣà, àti pé aṣọ obìnrin lára ọkùnrin ẹlẹ́gùn jẹ́ àmì pé ó ti di ẹni tí òrìṣà fẹ́ sílé, tí ó sì ń gùn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1997, ọmọ ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, gbé ìwé tirẹ̀ jáde, The Invention of Women. Ó ta ko Matory. Ó ní ojú Amẹ́ríkà ni a fi ń wo ọ̀rọ̀ náà bí a bá sọ pé ọkùnrin gbé aṣọ obìnrin wọ̀. Ó ní ‘ọkọ’ àti ‘ìyàwó’ nínú Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọ àti abo nìkan: gbogbo ọmọ ilé, títí kan àwọn obìnrin ilé, ni ọkọ fún obìnrin tí a gbé wọlé. Ẹni tí ó bá lóye ilé Yorùbá mọ̀ pé òótọ́ ni. Obìnrin ilé a máa pe aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ‘ìyàwó mi’, kò sì sí ẹni tí yóò wò ó lójú àwòtúnwò. Bákan náà, arọ́pò-orúkọ wa ‘ó’ kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo.

Kí ni a wá rí kọ́? Èrò tèmi ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi méjèèjì ni ó ṣì í. Ẹni tí ó ní ẹlẹ́gùn ni ẹ̀rí pé Yorùbá fi àyè gba ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin ti fo odò tí kò ní afárá. Aṣọ kì í ṣe ìbùsùn. Kò sí ohun kan nínú irun dídì Abọkè tàbí tìróò ẹlẹ́gùn tí ó sọ fún wa ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú, tí àwọn Kétu àti àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ń jó, ọkùnrin ni ó máa ń gbé aṣọ àti ọmú obìnrin wọ̀ níbẹ̀, láti fi ọlá fún àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àwọn baba wa kò mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí, òun náà ti sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ. Ìdákẹ́ ìtàn kì í ṣe ẹ̀rí, yálà fún bẹ́ẹ̀ ni tàbí fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí a lè dúró lé ni èyí: ìsìn àwọn baba wa kò so ipò mímọ́ mọ́ akọ tàbí abo ara ènìyàn pátápátá, ẹni tí ó bá sì wá síwájú òrìṣà pẹ̀lú ìrísí tí ó yàtọ̀, wọ́n bi í pé ta ni ó rán an, wọn kò kọ́kọ́ bi í pé kí ni ó dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

ÀWỌN TI ÒKÈ ÒKUN

Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú mìíràn ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní ẹrú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Wọ́n gbé òrìṣà lọ, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ pẹ̀lú. Ẹni tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà fún nínú Candomblé, ‘iaô’ ni wọ́n ń pè é di òní olónìí. ‘Ìyàwó’ tiwa ni.

Ní ọdún 1938, ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan, Ruth Landes, lọ ṣe ìwádìí ní Salvador. Ó kọ̀wé ní ọdún 1940, ó ní àwọn ìyá ni ó di àwọn ojúbọ àtijọ́ mú, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin ti ń di olórí ní àwọn ojúbọ tuntun. Àwọn ọ̀gbẹ́ni onímọ̀ ìgbà náà dojú ìjà kọ ọ́. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí ó rí kì í ṣe àlá. Ní ìgbà náà gan-an ni òkìkí João da Goméia ń kàn. A bí ọkùnrin yìí ní Bahia ní ọdún 1914. Ó di bàbálórìṣà nígbà tí ó ṣì kéré, ó kó lọ sí ẹ̀bá Rio de Janeiro, àwọn olóṣèlú àti gbajúmọ̀ sì ń rọ́ lọ sí ilé rẹ̀. Kò fi bí ó ti rí pa mọ́. Ó jó pẹ̀lú aṣọ obìnrin nígbà kànífà, àwọn àgbà kan nínú ìsìn bínú sí i, ó sì ń bá iṣẹ́ òrìṣà lọ títí ó fi kú ní ọdún 1971. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ oníjó Grande Rio fi ìtàn ayé rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ àti orin wọn níwájú gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ àwọn méjì tí ẹsẹ̀ wọn kan ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bayard Rustin, tí a bí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1912, jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker, àwọn tí kì í gbé idà. Ní ọdún 1952 ó wá sí Gold Coast àti Nàìjíríà, ó pàdé Nkrumah àti Azikiwe, ó sì ń múra láti padà wá bá Azikiwe ṣiṣẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1953, ọlọ́pàá mú un ní Pasadena ní California pẹ̀lú ọkùnrin. Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọgọ́ta ọjọ́, ẹgbẹ́ Kristẹni alálàáfíà tí ó ń bá ṣiṣẹ́ yọ ọ́ kúrò, ìrìn-àjò Nàìjíríà náà sì wọmi. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òun ni ó ṣètò ìwọ́de ńlá ti Washington ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1963, níbi tí ènìyàn bí 250,000 ti péjọ tí Martin Luther King sì ti sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, aṣòfin àgbà Strom Thurmond dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ka ẹ̀sùn Pasadena sí i lórí. Àgbà inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, A. Philip Randolph, dúró tì í, ó ní òun kò ní ẹlòmíràn. Bí Randolph bá ti yẹ̀gẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà, a kò mọ bí ìtàn ì bá ti rí.

Ẹnìkejì ni Pauli Murray. Amòfin ni. Ní ọdún 1960 ó wá sí Accra, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin Ghana, òun àti Leslie Rubin sì jọ kọ ìwé lórí òfin-ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, tí ó jáde ní ọdún 1961. Àwọn obìnrin ni ó fẹ́ràn láyé rẹ̀, láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó sì ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ pé bí a ti ń pe òun ní obìnrin kò bá òun mu. Kò sọ ọ́ ní gbangba rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, ó di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Episcopal ti Amẹ́ríkà fi jẹ àlùfáà. Ó kú ní ọdún 1985.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti rí: ẹnì kan kò fi ara rẹ̀ pa mọ́, wọ́n fi fìtínà rẹ̀ ṣe é, ẹnì kejì fi í pa mọ́, ó gbé ẹrù náà dé sàréè. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ tí gbogbo wa ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ Ọ̀RỌ̀ DÉ ILÉ ÌJỌSÌN WA

Ní ọdún 1998, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà gbogbo ayé ní Lambeth fi ẹnu kò pé ìbálòpọ̀ akọ sí akọ tàbí abo sí abo kò bá Ìwé Mímọ́ mu. Ní ìta ìpàdé náà, bíṣọ́ọ̀bù kan láti Nàìjíríà gbé ọwọ́ lé olórí ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni tí ó yàtọ̀ bẹ́ẹ̀, Richard Kirker, ó fẹ́ lé ẹ̀mí èṣù jáde lára rẹ̀. Kámẹ́rà gbé e káàkiri ayé. Nígbà tí Amẹ́ríkà wá fi Gene Robinson jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 2003, ìjọ gbogbo ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ pín. Peter Akinọlá, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó jẹ́ olórí ìjọ Áńgílíkà ní Nàìjíríà láti 2000 sí 2010, ni ó wà ní iwájú àwọn tí ó ta kò ó.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé Nàìjíríà ń bá àwọn òyìnbó jà ni. Àṣé ọmọ Nàìjíríà wà nínú àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Ní ọdún 2005, Davis Mac-Iyalla, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí a bí tí a sì wò dàgbà ní orílẹ̀-èdè yìí, dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ Changing Attitude sílẹ̀ níbí. Ó ní òun kò fẹ́ kúrò nínú ìjọ. Kí ìjọ kàn gbọ́ òun ni òun fẹ́. Ìjọ kéde pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tí ìhàlẹ̀ pọ̀, ó sá lọ sí Togo. Ní oṣù kejì ọdún 2007, nígbà tí àwọn olórí ìjọ péjọ ní Dar es Salaam, ó wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé irú òun kò sí. Ní ọdún 2008, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní ibi ìsádi. Lẹ́yìn náà ó padà sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti Ghana pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́sìn oríṣiríṣi.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, Rowland Jide Macaulay dá ìjọ kan sílẹ̀ ní Èkó, ó pe orúkọ rẹ̀ ní House of Rainbow. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin, ọmọ olùkọ́ Bíbélì ni, amòfin ni, oníwàásù ni. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìjọ náà jẹ́: àwọn ọmọ tí a ti lé kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, àwọn tí a ti fi àdúrà àti ààwẹ̀ dè mọ́lẹ̀, wọ́n péjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n kọ orin tí àwọn yòókù ń kọ, wọ́n ka Bíbélì tí àwọn yòókù ń kà. Ní ọdún 2008, ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde. Wọ́n halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n lu àwọn kan nínú wọn, ìjọ náà tú ká, Macaulay sì padà sí London. Ó di àlùfáà nínú Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, House of Rainbow sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ibẹ̀.

Kí ẹ má rò pé ti Kristẹni nìkan ni. Ìmáàmù Muhsin Hendricks ti Cape Town ní South Africa jẹ́wọ́ bí òun ti rí ní ọdún 1996, ó sì lo ọdún tí ó lé ní márùndínlọ́gbọ̀n láti máa gba àwọn Mùsùlùmí tí ó dà bí rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n má fi ìrun sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2025, àwọn oníbọn dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní Gqeberha, wọ́n sì pa á.

TẸLIFÍṢỌ̀N ÀTI ÒFIN

Àwa tí a wà lórí ètò yìí kò lè ṣàì sọ ti tẹlifíṣọ̀n. Ìbàdàn wa yìí ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ tàn ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ọdún márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn náà, nínú oṣù kẹwàá ọdún 2004, Bisi Alimi, akẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Èkó, jókòó lórí ètò New Dawn tí Funmi Iyanda ń ṣe lórí NTA, ó sọ lójú gbogbo ayé pé ọkùnrin ni òun fẹ́ràn. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí ó sọ irú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n rí. Lẹ́yìn rẹ̀, ètò náà kò lọ sórí afẹ́fẹ́ tààrà mọ́. Wọn á kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ kí a tó gbé e jáde. Ní ọdún 2007, lẹ́yìn tí wọ́n kọ lù ú nínú ilé rẹ̀, Alimi sá lọ sí London.

Ní ti òfin, ẹ jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ó sọ ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 kì í ṣe òfin tí Olúbàdàn tàbí Aláàfin kan ṣe. Queensland ní Ọsirélíà ni a ti kọ ọ́ ní ọdún 1899. Àwọn òyìnbó mú un wá sí Àríwá Nàìjíríà ní ọdún 1904, wọ́n sì tẹ́ ẹ dé gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 1916. Bí a bá wá ń sọ pé òyìnbó ni ó kó ìwà náà wá, kí a rántí pé òyìnbó náà ni ó kó òfin tí a fi ń jẹ ẹ́ níyà wá. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tuntun: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tí ó bá bá ẹni tí wọ́n jọ jẹ́ akọ tàbí tí wọ́n jọ jẹ́ abo ṣe ìgbéyàwó, ọdún 10 fún ẹni tí ó bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tàbí tí ó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òfin ilẹ̀ wa ni, olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi pa mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan nínú òfin náà tí ó ti fún ará àdúgbò ní àṣẹ láti gbé igi àti táyà.

ỌMỌ KAN NÍNÚ KÍLÁÀSÌ

Mo fẹ́ fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi kádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2004 tí Alimi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, olùkọ́ kékeré ni mo jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì mi. Ó mọ ewì í ké, ohùn rẹ̀ tínrín, ìrìn rẹ̀ kò jọ ìrìn àwọn ọkùnrin yòókù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ Alimi gbalẹ̀, wọ́n fi orúkọ Alimi pè é bí ó ti ń bọ̀ wá síwájú láti ké ewì. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò bú u, n kò nà án. Ẹ̀rín lásán ni. Ó wo ojú mi, ó padà lọ jókòó. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, a kò rí i mọ́. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá irú ẹni tí wọ́n pè é ni, kò sì yẹ kí ó ṣe pàtàkì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà nínú ọjà náà, orí ọmọ sì wọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo rántí ìyá mi àgbà ní Ọjà’ba. Kò ka ìwé, kò mọ Lambeth, kò mọ Brazil. Kò sì sọ fún mi pé ohun gbogbo ni ó dára. Ó kàn kọ̀ láti fi ẹni tí ó wà níwájú wa rẹ́rìn-ín, ó sì wá ìtumọ̀ ohun tí ó rí kí ó tó sọ̀rọ̀.

N kò sọ pé kí pásítọ̀ tàbí ààfáà jọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ tí ó gbàgbọ́. Ìyẹn wà láàrin òun àti Olúwa rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi yín ní ìbéèrè tí wọ́n bi mí, ẹ má fi irọ́ gbe ẹ̀yà méjèèjì. Ẹ sọ fún wọn pé aṣọ ẹlẹ́gùn kì í ṣe ẹ̀rí ìbùsùn. Ẹ sọ fún wọn pé òfin tí a ń pè ní àṣà wa, láti ìlú òyìnbó ni ó ti wá. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn tí ó yàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbàdúrà, wọ́n ti kọrin, wọ́n ti ṣètò ìwọ́de, wọ́n sì ti jẹ àlùfáà, àti pé púpọ̀ nínú wọn kò béèrè ju ìjókòó kan lọ nínú ilé Ọlọ́run. Bí ẹ bá sì rí ọmọ tí ojú ń tì láti wá síwájú, ẹ pa ẹ̀rín mọ́ra, kí ẹ jẹ́ kí ó ké ewì tirẹ̀ tán.

Ibi tí a óò dá ọ̀rọ̀ dúró sí nìyí. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín: kí ni àwọn àgbà àdúgbò tiyín sọ nípa Abọkè, nípa ẹlẹ́gùn, nípa ẹni tí ó yàtọ̀? Ẹ bi wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ó dàbọ̀ o.